Ẹ̀yìn Mi Ni Ìyàwó Mi Wà

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ìkìrun, ẹ ti rí fọ́tò náà. Kí n tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ni ìyàwó mi ti fi í ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo yín. Èmi rèé, mo dúró ti ọkùnrin kan tí gbogbo ara rẹ̀ ń dán bí ìkòkò tuntun, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Bùrọ̀dá Làmídì ti kọ̀wé sí mi pé, "Ayé yín dára o, ará Àmẹ́ríkà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹ̀rín yẹn gbọ́. Kí wọ́n tó ya fọ́tò yẹn, mo ti sá fún ọkùnrin náà gba àárín ìlú àwọn Potogí kọjá, mo sì fi ìyàwó mi sílẹ̀ fún un. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ìyàwó mi, Ìyá Tóyìn, tó sọ ọ́ fún yín, nítorí pé tí òun bá ń sọ ọ́, ó máa ń dìde dúró, á sì fi bí mo ṣe sáré hàn.

Ní Forest Park

Ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Forest Park tí à ń gbé kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Atlanta. Bàlúù ń gba orí òrùlé wa kọjá débi pé tí wọ́n bá dákẹ́ díẹ̀, a óò máa bi ara wa pé kí ló ṣẹlẹ̀. Warehouse ni mo ti ń ṣiṣẹ́, shift alẹ́. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù láàárín àwọn pẹpẹ gíga, mo ń ṣa ọjà tí àwọn èèyàn rà láìdìde lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní ọrùn ọwọ́ mi. Tí mo bá fa ẹsẹ̀, á ké. Ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan tí wọ́n kó wọn sí, shift ọ̀sán. Ẹnu ọ̀nà la ti máa ń pàdé: òun ń wọlé, èmi ń jáde. "Káàbọ̀ o." "Ó dàbọ̀, ẹ rọra wakọ̀." Bí a ṣe ń ṣe tọkọtaya nìyẹn.

Tóyìn ọmọ wa ń gbé ní Douglasville pẹ̀lú Kúnlé ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní Sunday kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àwọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa.

"Daddy, Mummy, ẹ lọ enjoy. Ẹ lọ rí Europe. Ẹ ò tíì lọ anywhere together."

A gbàdúrà fún un títí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ fi sùn. Àmín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tó sọ ìyókù: leave òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òun fẹ́ padà síbi iṣẹ́, òun sì fẹ́ kí Mummy wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn kó lè máa wo ọmọ. Mo ní kò burú, oṣù kan tàbí méjì náà ni.

"Rárá o, Daddy. Till ọmọ máa start school."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ìyẹn kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Owó orí ìyàwó mi ni wọ́n san fún mi yẹn.

Ìyàwó mi ò tiẹ̀ bá mi bínú sí i. Ó ní, "Tóyìn, jẹ́ ká lọ ìrìn-àjò yìí ná. Màá fún ẹ lésì."

Nígbà tí a délé, mo fẹ̀yìn ti ògiri kíṣìnì, mo ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn.

"O ò ní lọ, àbí?"

"Kí ni mo fẹ́ dúró wò níbí?"

"Èmi ńkọ́?"

Ó gbé ìkòkò kalẹ̀. "Ẹ̀yin? Bàbá Tóyìn, ẹ̀yìn yín ni mò ń wò láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi. Ní mall, ẹ̀yìn yín. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn yín. Tí ẹ bá ń lọ síṣẹ́, ẹ̀yìn yín náà ni. Tí wọ́n bá ní kí n wá mú yín jáde láàárín èrò, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí gbogbo yín kọjú sí ògiri."

Bàbá mi ló kọ́ mi pé ọkùnrin níí ṣáájú lọ́nà oko, kó lè jẹ́ pé òun ni ejò á kọ́kọ́ bá. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn nìyẹn, ìyá mi á máa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú igbá lórí. Nígbà tí mo wá dé Àmẹ́ríkà, ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ mi wá fi tirẹ̀ kún un. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ejò náà fún un dáadáa.

Ó ní, "Ejò wo ló wà ní mall?"

Àkókò iṣẹ́ tó. Mo jáde. Ó sì wo ẹ̀yìn mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: kì í ṣe oúnjẹ ló ń bà mí lẹ́rù, mo lè se indomie. Ilé yẹn gan-an ni. Fìríìjì wa máa ń kùn, á gbọ̀n, á dákẹ́. Ní alẹ́ tí iṣẹ́ ò bá sí, tí ìyàwó mi bá wà nílé, fìríìjì ni. Tí kò bá sí nílé, olè ni. Ní ọjọ́ tó lọ sùn nílé Tóyìn nígbà ìkómọ, inú ọkọ̀ ni mo sùn sí, mo sì sọ fún aládùúgbò pé ọkọ̀ náà ni mò ń ṣọ́. Nítorí náà, mo búra nínú ara mi: ní ìlú òyìnbó yìí, ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi ni màá máa rìn. Tó bá fi máa rí ojú mi fún odidi ọjọ́ kan, bóyá ojú náà á wù ú dúró tì.

Ìlú tí gbogbo wọn ń bímọ

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bàlúù yọ yín lẹ́nu. Porto ni orúkọ ìlú náà, ní ilẹ̀ àwọn Potogí, àwọn tí wọ́n ti dé etí òkun wa kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn ilé àtijọ́ náà fún mọ́ra bí ẹbí tó ń ya fọ́tò, ti ẹ̀yìn ń yọ orí lókè èjìká ti iwájú. Táìlì aláwọ̀ aró ni wọ́n fi bo ara ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan fi àdìrẹ wọ ilé Ọlọ́run láṣọ. Èmi ti rò pé Yúróòpù á dà bí ilé ìwòsàn, kó funfun, kó dákẹ́. Irọ́ ni. Aṣọ sísá ló kún ojú fèrèsé wọn. Mo rí ṣòkòtò abẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lókè orí àwọn àlejò tó ń wo ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó ní kó wọlé. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní, èèyàn ló ń gbé ibí.

Òwúrọ̀ la jáde. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá wa sọ̀rọ̀ ni obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì. Ìyàwó mi sanwó, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Obrigada."

Ní etí tèmi, ohun tó sọ ni pé, "Ó bí Rìgádà." Mo wo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn lóòótọ́. Mo tẹrí ba díẹ̀, mo ní, "Háà, ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run á wò ó fún wa."

Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. "Ta lẹ ń kí?"

"Wọ́n bímọ. Rìgádà lorúkọ ẹ̀."

"Ó ń dúpẹ́ ni."

"Ẹni tó bímọ ò ní dúpẹ́ ni?"

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tí mo yà fún lójú ọ̀nà fi sọ pé, "Obrigado." Mo ní ẹ ò rí i, ìbejì ni, Rìgádà àti Rìgádò. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo ìlú ló ń bímọ. Onítíì, olùṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá arúgbó tó mú ajá lọ́wọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó iná mú. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ń lọ.

Rírìn lẹ́gbẹ̀ẹ́

Ẹ ò mọ bó ṣe nira tó láti rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ẹ ti ń rìn níwájú rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ẹsẹ̀ mi ń hùwà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn. Ọ̀nà ìlú náà ò sì ràn mí lọ́wọ́. Ó há débi pé tí ẹ bá na apá méjèèjì, ẹ lè kan ilẹ̀kùn ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn baba ńlá wọn ti fi dídán sí i lára, a sì ń gùn, a ń sọ̀ bí ẹni tí ń lọ oko orí òkè wa. Tí àwọn èèyàn bá ń bọ̀ lọ́kàánkán, màá bọ́ síwájú kí wọ́n lè rí ọ̀nà kọjá. Wọ́n á kọjá tán, èmi á ti gbàgbé láti padà.

Lẹ́yìn mi, màá gbọ́ ohùn kan: "Bàbá Tóyìn, ṣé ejò ti ń bọ̀ ni?"

Màá sáré padà. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ títí mi ò fi lè kà á mọ́.

Òórùn ló dá àwa méjèèjì dúró pọ̀. Níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n so ẹja gbígbẹ rọ̀, ó fẹ̀ bí agbòòrùn. Pànlá! Ẹ̀gbọ́n pànlá tiwa gan-an, tó jẹ́ pé iyọ̀ ni wọ́n fi pa á lára. Ìyàwó mi dúró tì í bí ẹni tó pàdé ará ilé rẹ̀ ní ìdíkọ̀. A wọ ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n gbé e wá fún wa pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó àti òróró, ó rọ̀, ó gbóná. Àmọ́ ata ò sí níbẹ̀. Ata ò kọjá ibẹ̀ rí.

Ìyàwó mi ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìgò ata gígún kékeré jáde. Ọkùnrin tó gbé oúnjẹ wá fún wa dúró, ó ń wò ó. Ó fi ojú béèrè. Ìyàwó mi wọ́n díẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó lá a. Ó dúró ṣinṣin. Etí rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà ó pe ìyá rẹ̀. Mi ò gbọ́ Potogí, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí ọkùnrin bá ń pe ìyá rẹ̀. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó gbé e wọ kíṣìnì lọ. A gbọ́ ikọ́, a gbọ́ igbe, a gbọ́ ẹ̀rín. Ìyá asè jáde wá, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó gbá ìyàwó mi mọ́ra bí ọmọ ìyá, ó sì gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wá fún wa tí a ò rà.

Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rí i pé eyín rẹ̀ kan ti kán lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìgbà wo leyín yẹn kán?"

"Ó ti pẹ́. Tóyìn ò tíì lóyún nígbà yẹn."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mo sọ ọ́. Ẹ wà níwájú."

Bàbá, ẹ kú ìdúró

Lọ́sàn-án, a yọ sí gbàgede kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ère kan wà níbẹ̀ lórí àpótí: ọkùnrin tó dé fìlà gíga, tó wọ kóòtù, tó mú agbòjò dání, gbogbo rẹ̀ jẹ́ fàdákà láti orí dé bàtà. Mo rò pé gómìnà wọn àtijọ́ ni. Mo rí abọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo ní omi òjò ni wọ́n ń fi gbà.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ lọ dúró tì í kí n ya yín."

Mo gbé fóònù mi fún un, mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi fún un pẹ̀lú kí ṣáàtì tuntun mi lè hàn. Mo lọ síbẹ̀ bí ọba. Mo gbé ọwọ́ lé ère náà léjìká. Mo wá sọ ohun tí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá tọ́ dáadáa máa ń sọ fún ẹni tó bá ní ìdúró. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìdúró o."

Ère náà yí ọrùn sí mi. Ó ṣí fìlà. Ó tẹrí ba.

Ẹ̀yin ará mi, tí èèyàn bá kí ère tí ère sì dáhùn, kí lẹ tún fẹ́ dúró gbọ́?

Èmi ò mọ̀ pé mo pariwo. Ìyàwó mi ló ní mo pe Jésù, mo pe ìyá mi, mo sì pe ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé àtẹ̀gùn kan ń bọ̀, mo fò ó. Ọ̀nà tóóró kan ń bọ̀, mo gbà á. Àwọn èèyàn ń yà fún mi, wọ́n ń fẹ̀yìn lé ògiri. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ó bí Rìgádò, mi ò dúró kí i. Bí ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ mi bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á fi mí ṣe manager.

Etí odò ni mo ti rí ara mi, nísàlẹ̀ ìlú pátápátá. Mo gbé ọwọ́ lé orúnkún, mò ń mí hẹlẹ. Mo ní, láìyíjú, "Ìyá Tóyìn, jẹ́ ká sinmi díẹ̀ níbí."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Mo yíjú. Ẹyẹ odò funfun kan ló wà lẹ́yìn mi, ó ń wò mí.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Èmi tí wọ́n ní kí n máa ṣáájú nítorí ejò. Ejò dé lóòótọ́, mo sì fi ìyàwó mi tì í.

Aṣọ wo ló wọ̀?

Fóònù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó mi wà nínú jákẹ́ẹ̀tì. Páásípọ́ọ̀tù wa méjèèjì wà nínú báàgì rẹ̀. Orúkọ ilé tí a sùn sí, òun ló mọ̀ ọ́n. Mo gun òkè padà, ọ̀nà gbogbo jọra, aṣọ sísá gbogbo jọra. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta fìlà, nítorí pé mo gbọ́ tí ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún oníbàárà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Bàbá arúgbó kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wọn fìlà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ti sọnù."

"Pẹ̀lẹ́, sà. Ibo lẹ ti rí i gbẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn mi ló wà."

Ó yọjú wo ẹ̀yìn mi.

"Mo ní ẹ̀yìn mi ló máa ń wà."

"Ó dáa. Aṣọ wo ló wọ̀?"

A jọ sùn, a jọ jí, a jọ jẹun. Mo ní, "Aṣọ obìnrin."

"Àwọ̀ wo?"

Mo wo òrùlé.

"Ṣé ó dé fìlà? Ṣé ó lo awò ojú?"

Mo ní, "Kò ga jù, kò sì kúrú. Ó ní ìwà."

Ọmọbìnrin náà ṣe sùúrù fún mi. Ó ní, ṣé kò sí nǹkan kan tí mo lè fi dá a mọ̀ tó bá ń bọ̀ ni? Mo ronú, mo wá rántí. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rìn án fún wọn lórí pákó ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà: kò, fìì. Kò, fìì. Ẹsẹ̀ kan ń tẹlẹ̀, èkejì ń gbálẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Orúnkún ń dùn ún."

Inú ìró tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi ṣe ló ti mọ̀ ọ́n. Èmi tí mò ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ìró bàtà ni mo kà á sí.

Ó wá béèrè bí a ṣe pínyà: "Kí ló yà yín?"

Ojú tì mí. Mo ní ajá ni. Ajá ńlá kan lé mi. Mo fi ọwọ́ wọn bó ṣe tóbi tó, ọwọ́ mi sì ń gòkè bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, títí ajá náà fi ga ju bàbá arúgbó yẹn lọ. Ọmọbìnrin náà dìde, ó mú fóònù. Ó ní irú ajá bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ rìn láàárín ìlú, òun á pe ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Láàárín ìtìjú àti ọlọ́pàá, mo mọ èyí tí mo máa mú.

"Ẹ má pè wọ́n! Kì í ṣe ajá. Ère ni. Mo kí i, ó sì dá mi lóhùn."

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá arúgbó náà. Bàbá náà wò mí. Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ohùn ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e. Ó lu itan, ó lu tábìlì, ó yọ síta, ó pe onítíì òdìkejì, onítíì pe aya rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ kí n tó rí ibi fara pamọ́ sí. Ó jọ pé ọ̀rẹ́ bàbá náà ni ère ọ̀hún, èèyàn tó ń kun ara ní fàdákà láti fi gba owó lọ́wọ́ àwọn àlejò, wọ́n jọ máa ń fi káàdì ta ayò. Ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó mú mi gun òkè bí ọmọ iléèwé tó sọnù lọ́jọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo igun ọ̀nà ló ń dúró sọ ọ́ fún ẹlòmíì, á na ìka sí mi, èmi náà á sì juwọ́.

Ejò ń mu kọfí

Ìyàwó mi ò kúrò ní gbàgede yẹn. Ó jókòó sídìí tábìlì níta ilé kọfí kan, ó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lé àga. Aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú ló wọ̀, ó sì so gèlè kékeré mọ́rí, ẹ bá mi jẹ́rìí sí i. Níwájú rẹ̀ ni ère jókòó sí. Ó ti ṣí fìlà, irun funfun wà lórí rẹ̀, fàdákà wà lójú rẹ̀, ó ń mu kọfí nínú ife kékeré bí ìdérí ìgò. Àwọn méjèèjì ń jẹ àkàrà òyìnbó kan tó ní ẹyin nínú. Kò sí èdè kan tí wọ́n jọ gbọ́.

Ó rí mi. Kò dìde. "Ẹ kú ìrìn o."

"Ìyá Tóyìn..."

"Ẹ wá jókòó. Ejò ni mo bá jẹun láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ó ní kí ẹ má bínú."

Ère náà dìde, ó tẹrí ba fún mi. Mo tún fẹ́ sá. Ìyàwó mi ti di ṣáàtì mi mú. Ó ní kí n dúró ti ère náà, kí n rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ló ya fọ́tò tí ẹ rí.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú. Ó ní Tóyìn ti pe òun lórí fóònù, ó fẹ́ mọ èsì, torí pé ibi iṣẹ́ ti ń béèrè.

"O wá sọ fún un pé kí ni?"

"Mo ní màá pè é padà. Mo ní Daddy ẹ lọ ṣe exercise." Ó wo kọfí rẹ̀. "Bàbá Tóyìn, mo máa lọ. Ẹ má rò pé ìjà ni. Ṣẹ́ ẹ rí orúnkún yìí, kò fẹ́ gbé arúgbó mọ́, ọmọ ọwọ́ ló lè gbé. Ilé wa yẹn, àwo ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ Tóyìn, tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹnì kan á dáhùn, ì báà jẹ́ ẹkún ni."

Kò pariwo. Ìbá pariwo, ǹ bá mọ ohun tí mo máa sọ.

Ẹ̀yin àgbà Ìkìrun, ẹ bá mi wò ó. Ẹ mọ ìtìjú tó wà nínú kí bàbá ìyàwó lọ máa gbé nílé ọkọ ọmọ rẹ̀. Àlejò ọjọ́ kan, wọ́n á pa adìyẹ fún un. Tó bá wá gbé bẹ́ẹ̀dì wá ńkọ́? Ilé Kúnlé, oúnjẹ Kúnlé, rìmóòtù Kúnlé. Tí Bùrọ̀dá Làmídì bá gbọ́, á rí ohun sọ títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀. Mo tún ro ìyàwó mi pé ó ń gun àtẹ̀gùn nílé Tóyìn, kò, fìì, kí n má sì gbọ́ ọ.

Mo ní, "Jẹ́ kí n tẹ̀ lé ẹ."

"Ẹ ní kí ni?"

"O gbọ́ mi."

"Etí yìí ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ẹ tún un sọ."

"Mo ní jẹ́ kí n tẹ̀ lé ẹ!" Gbogbo gbàgede wò wá. Ère pàtẹ́wọ́ fún mi, kò tiẹ̀ mọ ohun tí mo sọ.

"Sílé Kúnlé?"

"Sílé Kúnlé."

"Iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Warehouse kún Douglasville bí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í mu omi nílé àna."

"Màá mu ún. Màá fọ ife."

Ó wò mí pẹ́. Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú Tóyìn yọ, ọmọ rẹ̀ wà léjìká rẹ̀.

"Mummy! Ẹ ti decide? Ṣẹ́ ẹ ń bọ̀?"

"À ń bọ̀."

"À? Mummy, à kẹ̀? Ẹ̀yin àti who?"

Ìyàwó mi jẹ àkàrà òyìnbó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fara balẹ̀ jẹ ẹ́ tán. "Èmi àti ọkùnrin kan tó ń tẹ̀ lé mi."

Igbe ta nínú fóònù náà. "Jesus! Somebody is following you? Mummy, ẹ má dúró níbẹ̀ o! Kúnlé! Kúnlé, wá o, ọkùnrin kan ń tẹ̀ lé Mummy! Where is Daddy? Mummy, ibo ni Daddy lọ?"

Ìyàwó mi yí fóònù náà sí mi. Mo nu òógùn ojú mi.

Mo ní, "Èmi ni ọkùnrin náà, ọmọ mi. Bá mi bẹ Kúnlé, kó wá yàrá fún mi."